Ọrùn-ọwọ́ ọmọ tó ń ṣe baseball

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí. Òkò la fi ń já máńgòrò nígbà èwe wa, ẹni tí òkò rẹ̀ bá sì ga jù ló ń jẹ èyí tó pọ́n lókè téńté. Ìgbà tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ baseball, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kékeré tí ẹlòmíràn sì ń fi igi gbá a, ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ni mo rí i pé ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀ tipẹ́ ni kóòṣì ń kọ́ wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí bó ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú. Kí ìka méjì tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò dábùú òwú pupa tí wọ́n fi rán an, kí àtàǹpàkò wà nísàlẹ̀, kí àlàfo díẹ̀ sì wà láàrin bọ́ọ̀lù àti àtẹ́lẹwọ́. Kó dì í mú bí ẹni mú òròmọdìyẹ: kò gbọdọ̀ bọ́, kò sì gbọdọ̀ kú. Ọmọ tó bá fún un mọ́wọ́ pinpin, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ á gan.

Agbára kì í ti ọrùn-ọwọ́ wá. Ẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á gba ìbàdí, èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ kọjá; ọrùn-ọwọ́ ló ń gbẹ̀yìn, bíi ṣóńṣó kòbókò. Bí bọ́ọ̀lù bá ń kúrò, ọwọ́ á ṣẹ́ síwájú fúnra rẹ̀, ìka méjì yẹn á sì fa ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù wálẹ̀. Yíyí tó ń yí sẹ́yìn yẹn ni kì í jẹ́ kó tètè já wálẹ̀.

Ẹ fi yíǹkì dúdú fa ìlà yí bọ́ọ̀lù po, kí ó gba àárín ìka méjèèjì. Kí ọmọ kúnlẹ̀ lórí eékún kan, kí ó fi ọwọ́ kejì di ìgbọ̀nwọ́ mú, kí ó máa fi ọrùn-ọwọ́ nìkan jù ú sí yín láti ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Tí ìlà bá ń yí lọ gbọọrọ, ọwọ́ wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Tó bá ń ṣe ségesège, ọwọ́ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ mi fi wo ìlà yẹn. Mi ò sọ̀rọ̀; ìlà ló ń bá a wí.

Ní ti báàtì, ìyẹn igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ rántí ẹni tó ń fi àáké gé igi tó dúró. Bí irin bá ṣe ń wọ igi, àtẹ́lẹwọ́ kan kọjú sókè, èkejì kọjú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nígbà tí báàtì bá kan bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá, ọ̀tún ló wà lókè, òun ló sì ń wo sánmà. Ìka ni kó fi di báàtì, kì í ṣe inú àtẹ́lẹwọ́. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti lọ kí ọrùn-ọwọ́ tó yí padà. Tó bá yí ṣáájú, ilẹ̀ ni bọ́ọ̀lù á máa yí gbá. Ẹ gbé táyà àlòkù ró, kí ó gbá a jẹ́jẹ́, kí ó dúró síbẹ̀, kí ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọmọ kékeré láti máa lọ́ ọrùn-ọwọ́ kí bọ́ọ̀lù lè tẹ̀ lójú ọ̀nà. Eegun ìgbọ̀nwọ́ wọn ò tíì gbó. Ní Little League, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò baseball àwọn ọmọdé, ọmọ ọdún 9 tàbí 10 tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹni tó mú báàtì ò gbọdọ̀ jù ú kọjá ìgbà 75 lójúmọ́. Mo máa ń kọ iye tí ọmọ mi jù sílẹ̀, torí ọmọ tó ń gbádùn eré kì í sọ pé ó ti rẹ òun. Tó bá ní inú ìgbọ̀nwọ́ ń dun òun, ẹ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí eré tilẹ̀ ku díẹ̀ kó parí.