Ẹ̀gbẹ́ Ni àbí Ìsàlẹ̀? Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Ibi Tí A Ń So Kámẹ́rà Mọ́ Lára TEM

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ewé kòkó wá bá wa ní Ilé-Ifẹ̀, láti oko kan lọ́nà Iléṣà. Ó fẹ́ wo fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú. Wọ́n ti gé sáńpù náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò ju nǹkan bíi nànómítà (nm) 80 lọ. Àmọ́ nígbà tí a gbé e sínú TEM, máíkíróskóòpù tó ń fi ẹlẹ́kítírọ́nì ya àwòrán, igun sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni kámẹ́rà ń rí. A ya àwòrán títí ọwọ́ fi ń ro wá kí a tó rí sẹ́ẹ̀lì kan tò pọ̀. Kámẹ́rà olówó ńlá ni, kò sì bàjẹ́. Ibi tí wọ́n so ó mọ́ ni kò bá iṣẹ́ náà mu.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wá owó kámẹ́rà fún TEM yín, ẹ má fi iye píksẹ́lì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ògiri. Bí ẹ ṣe ń rìn sẹ́yìn ni ìmọ́lẹ̀ ń fẹ̀, tó sì ń ṣú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlẹ́kítírọ́nì ṣe ń fẹ̀ tó bá ti kúrò lábẹ́ lẹ́ńsì tó kẹ́yìn. Kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ máa ń gba ihò tí fíìmù 35 mm ń gbé láyé àtijọ́ wọlé, lókè àwo aláwọ̀ ewé tí a fi ń wòran. Ó sún mọ́ lẹ́ńsì, àwòrán ò tíì fẹ̀, ibi tó pọ̀ á sì gba ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ àwo yẹn. Àwòrán ti fẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Díẹ̀ ló ń rí, ṣùgbọ́n ó ń rí i fínnífínní.

Àṣìṣe tí mo ń bá pàdé jù ni pé kí èèyàn rò pé ìsàlẹ̀ ló dára fún gbogbo iṣẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kòkó yẹn gùn tó nǹkan bíi 130 nm, ó fẹ̀ tó 28 nm. Bí píksẹ́lì kan bá dúró fún 1 nm, ẹ ó rí i kedere, kámẹ́rà oní-píksẹ́lì 4,096 níbùú á sì fi nǹkan bíi máíkírómítà 4 hàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń wo wúrà Iléṣà ńkọ́? Àlàfo láàárín ìlà átọ́ọ̀mù wúrà jẹ́ 0.235 nm. Píksẹ́lì 2 ó kéré tán gbọ́dọ̀ bọ́ sínú rẹ̀, kámẹ́rà kan náà á wá fi nǹkan bíi 480 nm péré hàn. Oníkòkó, àti ẹni tó ń wo kíndìnrín aláìsàn, ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Oníwúrà, ìsàlẹ̀ ni tiyín.

Àwọn kan á ní kí a ṣáà dín ìsọdińlá kù lórí kámẹ́rà ìsàlẹ̀. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Tí ẹ bá dín in kù jù, máíkíróskóòpù á pa lẹ́ńsì objective, ìyẹn èyí tó sún mọ́ sáńpù jù, àwòrán á sì ṣá, ẹ ò ní mọ ibi tí ara sẹ́ẹ̀lì parí sí mọ́.

Kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ ní àbùkù tirẹ̀: etí àwòrán rẹ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀. Àárín ni kí ẹ ti wọn nǹkan.

Èyí tó dùn mí jù ni ti diffraction, ìyẹn àmì tí ẹlẹ́kítírọ́nì ń yà nígbà tí átọ́ọ̀mù inú sáńpù bá tú u ká. Èérún gíláàsì, irú ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun, òrùka tó rú ló máa ń gbé jáde, torí átọ́ọ̀mù rẹ̀ ò tò. Láàárín òrùka yẹn ni ìtànṣán tó kọjá tààrà wà, ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Mo gbàgbé láti fi ọ̀pá ìdènà bò ó lọ́jọ́ kan. Láti ọjọ́ náà, gbogbo àwòrán tí kámẹ́rà yẹn yà ló ní ojú dúdú kan láàárín, bí ibi tí ẹyin iná ta bọ́ sórí àǹkárá. Ì báà jẹ́ ẹ̀gbẹ́, ì báà jẹ́ ìsàlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bò ó.

Ẹ má sì gba nọ́ńbà ìsọdińlá ojú ẹ̀rọ gbọ́. Ti fíìmù tàbí ti àwo ìwòran ni, kì í ṣe ti kámẹ́rà. Ẹ fi gíríìdì onílà 2,160 nínú mílímítà kan yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìlà kan sí èkejì jẹ́ 463 nm.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ wo ihò tó ṣófo. Bí ẹ bá ní energy filter (ẹ̀rọ tó ń fi agbára ẹlẹ́kítírọ́nì yà wọ́n sọ́tọ̀) lọ́kàn lọ́jọ́ iwájú, ìsàlẹ̀ lòun náà sábà máa ń gbé. Kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fà sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpẹ́rẹ́sọ̀ ló ń ti ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí iná bá lọ lójijì, ó lè há síbẹ̀, kó dí ojú gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fi ínfátà sí i.

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi sáńpù tiyín yàwòrán, ní ìsọdińlá tó kéré jù tí objective ṣì ń ṣiṣẹ́, kó sì kọ ìbú àwòrán náà sílẹ̀ ní máíkírómítà. Bí kò bá tíì fún yín ní nọ́ńbà yẹn, ẹ má tíì sanwó.