Ààyè lẹ́yìn ilé-ìwé ní New York: ẹ má tò sí ọ́fíìsì ilé-ìwé

Ẹ̀yin òbí New York, bí ẹ bá ń wá ibi tí ọmọ máa wà títí ẹ ó fi dé láti ibi iṣẹ́, orí discoverDYCD, ìkànnì tí ìjọba ìlú fi ń to àwọn ètò lẹ́yìn ilé-ìwé sílẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìjọba ìlú ló ń sanwó ètò wọ̀nyí, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ló ń darí wọn. Àwọn ló ń pín ààyè, kì í ṣe akọ̀wé ilé-ìwé. Ẹ tẹ àdírẹ́sì yín sórí ìkànnì náà, ẹ ó rí orúkọ àwọn ètò: COMPASS wà fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, SONYC fún kíláàsì 6 sí 8. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í yà sí ni Beacon àti Cornerstone, àwọn ibùdó àdúgbò. Inú ọgbà ilé-ìwé ni Beacon máa ń wà, àmọ́ kò pọn dandan kí ọmọ yín máa kàwé níbẹ̀. Àárín àwọn ilé gbígbé tí ìjọba ń fi háyà fún ará ìlú ni ti Cornerstone, ará àdúgbò náà lè wọlé. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ níbi méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ti ya fọ́tò fọ́ọ̀mù ìlera tí dókítà fọwọ́ sí, tòun ti àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, sórí fóònù. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń le, ẹ pe 311, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ìjọba ìlú, kí ẹ bèèrè ògbufọ̀. Àmọ́ o, fífi orúkọ sílẹ̀ kọ́ ni wíwọlé: títí wọn ó fi pè yín, ẹ má tíì dá ẹni tó ń bá yín mójú tó ọmọ dúró.