Oṣù mẹ́ta ní Àjàṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Sálésíà: bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó fẹ́ lọ fi ara rẹ̀ jìn láti kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, á rò pé iṣẹ́ náà ti rọrùn, torí kò ní rìn jìnnà kó tó bá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ pàdé. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra. Yorùbá ló jẹ́ kí n tètè mọlé mọ̀nà, òun náà ló sì fẹ́ ba kíláàsì jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́.

Ẹgbẹ́ fadá àti brọ́dà ni àwọn Sálésíà. Don Bosco ló dá wọn sílẹ̀ ní Turin, ní Ítálì, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1859. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní alátìlẹ́yìn ni iṣẹ́ wọn dá lé: ilé ìwé, ibi ìkọ́ṣẹ́, pápá eré. Ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n wà ní Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Parakou. Àwọn sístà Sálésíà náà wà ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjà Dantokpa. Ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó débẹ̀: àwa máa ń pe ìjọ Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà, ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́, àwọn ìdílé tó ti Brazil padà wálé ni Àgùdà, àwọn mùsùlùmí sì wà nínú wọn. Ẹ kúkú sọ pé Kátólíìkì.

Oṣù márùn-ún ṣáájú ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kọ̀wé sí ilé kan tí ẹ rí fọ́tò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ wá máa retí èsì. Fadá ìjọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ bá àwọn Sálésíà tó wà ní Nàìjíríà, kí ọ̀gá wọn bá yín kàn sí ọ̀gá ti Bẹ̀nẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi: ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ fadá, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ mi, ẹ̀dà sátífíkéètì, ìwé ẹ̀rí ìwà rere láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ìwé dókítà, àti lẹ́tà ojú ìwé kan lédè Faransé. Nínú lẹ́tà yẹn, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, ọjọ́ tí ẹ ń lọ, ohun tí ẹ lè kọ́ni, àti ẹni tó ń san owó ọkọ̀ yín. Ìwé ọlọ́pàá ló ń pẹ́ jù; àmọ́ èyí tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ ni wọ́n fẹ́, nítorí náà ẹ má gbà á ṣáájú àkókò.

Owó oṣù kò sí. Yàrá àti oúnjẹ ni wọ́n ń fún wa. Owó ọkọ̀, oògùn ibà àti owó fóònù wà lọ́rùn ẹni tó ń lọ.

Wọ́n tún fún mi ní ìlànà ààbò ọmọdé láti fọwọ́ sí, mo sì bẹ̀ yín, ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fi ọwọ́ sí i. A kì í wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. A kì í gbé fọ́tò ọmọ sórí Facebook. A kì í fún ọmọ kan lẹ́bùn ní ìkọ̀kọ̀, ì báà jẹ́ bíírò, a kì í sì í fún wọn ní nọ́ńbà fóònù wa. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilé bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà ti já kulẹ̀ rí. Tí ẹ bá ń fa ọmọ kan mọ́ra ju àwọn yòókù lọ, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ̀yin náà á tún lọ, ọgbẹ́ àtijọ́ yẹn lẹ sì ṣí.

Ọmọ ECOWAS kò nílò físà, ọjọ́ 90 ni ààyè tí a ní. Ẹ fi ọjọ́ kà á, ẹ má fi oṣù kà á: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọjọ́ 92 ni. Mo wọlé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, mo jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, ìyẹn ọjọ́ 78. Ọ̀nà Ìdírókò sí Ìgòlò ni mo gbà. Òǹtẹ̀ méjì ló gbọ́dọ̀ wà nínú páásípọ́ọ̀tù yín, ti ìjáde Nàìjíríà àti ti ìwọlé Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tí kò bá béèrè fún èkejì kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tó wọlé. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 ó kéré tán kí ẹ tó dé bodè pẹ̀lú yẹ́lò káàdì. Ẹ ra adápítọ̀ méjì, torí ihò iná wọn jẹ́ róbótó oníhò méjì, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa kò wọ̀ ọ́. Tí nọ́ńbà tí wọ́n fún yín bá jẹ́ ti àtijọ́, oní díjíìtì mẹ́jọ, ẹ fi 01 ṣáájú rẹ̀. Láti ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ló ti di mẹ́wàá.

Àwọn tí mo kọ́ jẹ́ 31, ọmọ ọdún 14 sí 20, tí wọ́n ń kọ́ ìránṣọ, iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ wẹ́dà. Àwọn oníbàárà tó ń ti Nàìjíríà wá ló jẹ́ kí wọ́n fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà mi ò gbé ìwé gírámà jáde. Alẹ́ méjì àkọ́kọ́ ni mo fi dán wọn wò, ìṣẹ́jú mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: sọ orúkọ rẹ, ka 1 dé 20, dárúkọ irinṣẹ́ márùn-ún tó wà lórí tábìlì, ka ìlà mẹ́rin, kọ ìlà méjì. Mo fi ìwé kíkà pín wọn, mi ò fi ọjọ́ orí pín wọn: 12 tó ń kàwé dáadáa, 13 tó ń ṣe kínkín, 6 tí kò mọ̀wé kà lédè kankan. Àwọn mẹ́fà yìí, ẹnu nìkan ni mo fi kọ́ wọn títí dé ìparí. Ẹni tó bá fi ABC Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ fún irú wọn, ìtìjú ló máa lé wọn lọ lọ́sẹ̀ kìíní.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ìpín kọ̀ọ̀kan ń jókòó, ìṣẹ́jú 45. Márùn-ún fún àtúnyẹ̀wò, 10 fún ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́jọ pẹ̀lú irinṣẹ́ gan-an lọ́wọ́, 15 fún ìtàkùrọ̀sọ ní méjì-méjì, 10 fún kíkọ, márùn-ún fún ìparí. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ti tó. Nígbà tí mo gbé e dé 12, nǹkan bí ìdajì ló ń bọ́ sílẹ̀ kó tó di ìjókòó kejì.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà wá rèé. Nínú àwọn 31, mẹ́sàn-án ló gbọ́ Nàgó, ìyẹn Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀. Ègùn àti Fọ̀n ni èdè àwọn tó kù. Bí mo bá ti fi Yorùbá túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan, àwọn mẹ́sàn-án yẹn á dáhùn kíá, ó sì ń jọ pé kíláàsì ti yé gbogbo ayé. Kò yé wọn. Àwọn yòókù ti dákẹ́, wọ́n ti gbà pé ẹ̀kọ́ àwọn Nàgó ni. Mo pín èdè sí ibi tí ó yẹ: Yorùbá fún àgbàlá àti ibi oúnjẹ, Gẹ̀ẹ́sì fún kíláàsì, Faransé fún àṣẹ mẹ́fà péré tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ pátákó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo nu àwọn Faransé náà kúrò, mo ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe. Mi ò tún jẹ́ kí àwọn mẹ́sàn-án yẹn jókòó pọ̀ mọ́.

Orúkọ lẹ́tà máa ń da gbogbo nǹkan rú, kì í sì í hàn sí olùkọ́ tó ti Nàìjíríà wá. Létí ọmọ tó fi Faransé kàwé, E wa ń dún bí I, A wa ń dún bí é, G wa ń dún bí J, J wa sì ń dún bí G. Bí ẹ bá pe lẹ́tà "hinge" fún ọmọ káfíńtà, J ló máa kọ dípò G, I ló sì máa fi parí rẹ̀. Mo gé páálí ńlá kan, mo kọ lẹ́tà 26 sí i, a ń kà á ní ohùn òkè fún ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀rẹ̀ gbogbo kíláàsì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Ní ti ìró, ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹnu tiyín wò. Yorùbá kò ní v àti z, Ègùn àti Fọ̀n ní wọn. Àwọn ọmọ yìí lè pe "zip" àti "velvet" dáadáa, kí olùkọ́ wá fi "síìpù" bà á jẹ́ fún wọn. Ibi tí wọ́n ti nílò ìrànlọ́wọ́ ni h, tí Faransé máa ń gbé mì, tí "hammer" á fi di "ammer". Ch, tí "chisel" á fi di "shisel". Àti th inú "thread". Fún th, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ahọ́n sí àárín eyín, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu kí wọ́n lè mọ afẹ́fẹ́ tó ń jáde.

Iye ni mo lo àkókò lé lórí jù lọ, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Sẹ̀ǹtímítà ni téèpù àwọn aránṣọ níbẹ̀. Ínṣì ni oníbàárà láti Èkó ń pè. Ínṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, nítorí náà ìbàdí 36 jẹ́ 91.44. Ọmọ tó bá gbọ́ 36 tí kò béèrè ti gé aṣọ jẹ́ nìyẹn. Mo kọ́ wọn ní gbólóhùn kan, "Inches or centimetres?", wọ́n sì ń sọ ọ́ kí wọ́n tó mú téèpù. Bákan náà ni àmì: Faransé ń fi kọ́mà kọ ìdá, nítorí náà 1,500 tí ará Nàìjíríà kọ lè di ẹyọ kan àtààbọ̀ lójú wọn. Ẹ dán "thirteen" àti "thirty", "fifteen" àti "fifty" wò lójoojúmọ́, kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń pè é. Mo sì kọ́ wọn ní "How much last?" àti "I'm coming" tí ẹni tó ń sọ ọ́ ń jáde lọ, torí ohun tí wọ́n máa gbọ́ nìyẹn, mo kàn sọ fún wọn pé wọn kì í kọ ọ́ nínú ìdánwò.

Iṣẹ́ ọdún Kérésì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá, àwọn aránṣọ kò sì ráyè wá mọ́. Ẹ fi gbogbo ẹ̀kọ́ tuntun sí oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá, kí ẹ fi oṣù Kejìlá ṣe àtúnyẹ̀wò ní ìdí ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ tún múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ alẹ́. Àṣà Don Bosco ni: kí àwọn ọmọ tó lọ sùn, ẹnì kan á bá wọn sọ̀rọ̀ ṣókí, ó sì máa ń kan ẹni tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pọ̀ tó. Mo kọ ti èmi sílẹ̀ lédè Faransé, brọ́dà kan bá mi tún un ṣe lọ́sàn-án. Ẹ má fi ṣe ìwàásù. Ẹ mú ohun rere kan tí ẹ rí lọ́jọ́ náà, kí ẹ dúpẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹ kí wọn pé ó dàárọ̀. Àti pé ẹ máa wà ní pápá nígbà eré, kódà tí ẹ kò lè gbá bọ́ọ̀lù. Níbẹ̀ ni ọmọ tó dákẹ́ nínú kíláàsì ti kọ́kọ́ ń la ẹnu.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lọ ni mo ti sọ ọjọ́ tí mò ń lọ fún wọn, mo kọ ọ́ sórí pátákó. Mo fi ìwé ńlá kan sílẹ̀ fún olùkọ́ ilé náà: orúkọ àwọn 31, ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dé, àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti kọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, páálí lẹ́tà náà, káàdì irinṣẹ́ 60, àti ìlà kan lábẹ́ orúkọ àwọn mẹ́fà tí kò mọ̀wé kà: wọ́n gbọ́, ẹ má fi pẹ́ńsù dẹ́rù bà wọ́n.