Ayò Títa Láìní Ọpọ́n

Bí dátà bá tán tí owó kò sì sí, ilẹ̀ abẹ́ igi máńgòrò ní Kàbà tàbí Ìsánlú tó ọpọ́n ayò. Ẹ wọ́n omi sí i kó rọ̀, kí ẹ gbẹ́ ihò 12 ní ìlà méjì, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ihò kọ̀ọ̀kan gba ìkúùkù ọmọdé. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí ilẹ̀ tútù máa ń lẹ̀ mọ́ ọmọ ayò.

Ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin nínú ihò kan. Òkúta wẹ́wẹ́ tó dọ́gba dára. Ẹ̀wà kò dára, adìẹ á ṣà á jẹ.

Kó gbogbo ọmọ inú ihò rẹ kan, máa jù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí apá ọ̀tún, kó o yí bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí èyí tó kẹ́yìn bá sọ ọmọ inú ihò ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Bí ihò tó ṣáájú rẹ̀ lọ́dọ̀ onítọ̀hún bá rí bẹ́ẹ̀, jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó 25 ló borí.

Bí odù, ìyẹn ọmọ púpọ̀ tó kó jọ sínú ihò kan, tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì yí dé ihò tó ti kúrò, fo ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pẹ̀ ti máa ń ṣì í. Bí gbogbo ihò ẹnìkejì bá ṣófo pátápátá, o gbọ́dọ̀ ta ọmọ sí i bó bá ṣeé ṣe.