Àárín Irin Fèrèsé Gba Láptọ́ọ̀pù Kọjá: Bí Mo Ṣe So Tèmi Mọ́lẹ̀ ní Akọkà

Nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni alábàágbé yàrá mi figbe ta. Nígbà tí mo fi máa tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ni mo kọ́kọ́ rí: wọ́n ti fi bíléèdì là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn. Irin fèrèsé wà níbẹ̀ digbí, ẹyọ kan ò tẹ̀. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ń gba iná lọ́wọ́ lórí tábìlì ti lọ. Ṣájà ṣì wà lára ògiri, ẹnu wáyà rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀.

Họ́sítẹ́ẹ̀lì aládàáni la ń gbé, ní ìta ọgbà ilé ìwé. Ilẹ̀ mọ́, mo mú rúlà, mo wọn àárín irin fèrèsé wa. Sẹ̀ǹtímítà 11 ni. Mo wọn ìnípọn láptọ́ọ̀pù tèmi, kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ẹ dá a dúró ní ẹ̀gbẹ́, yóò gba àárín irin yẹn kọjá bí ẹni ti lẹ́tà gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Olè ọ̀hún ò nílò láti wọlé rárá. Igi gígùn tí a so ìkọ́ mọ́ lẹ́nu ti tó o.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ohun mẹ́ta ni wọ́n bi ọ̀rẹ́ mi: rìsíìtì rẹ̀ dà, kí ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà, àmì wo ló wà lára rẹ̀? Kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn ló ń sunkún lé lórí. Orí mẹ́ta iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti ohùn àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Mákòkó, tí ó fi oṣù kan gbáko lọ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Inú láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó padà lọ bá wọn, àwọn ìyá kan sì sọ fún un pé àwọn ò lè tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gidi. Èmi náà, orí àga ni mo máa ń gbé tèmi sí.

Rìsíìtì ni mo kọ́kọ́ wá jáde. HP EliteBook tokunbọ̀ ni mo ń lò, Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà ni mo ti rà á. Ohun tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì náà ò ju “láptọ́ọ̀pù HP kan” lọ. Mélòó ni láptọ́ọ̀pù HP tó wà ní Èkó? Tí wọ́n bá bá tèmi lọ́wọ́ ẹnìkan lọ́la, kí ni mo fẹ́ fi hàn pé èmi ni mo ni ín? Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Yábà, mo bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, mo fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀tìgbà, òpópónà Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, rìsíìtì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tún kọ, kí ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ sí i.”

Ọlọ́jà náà ò jiyàn. Ó dojú ẹ̀rọ bolẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo ti inú pẹ̀lú. A pa á, a tún un tàn, a tẹ Esc lẹ́yìn náà F10, ojú ewé BIOS, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí nínú ẹ̀rọ kí Windows tó ṣí, yọ, nọ́ńbà sì wà níbẹ̀. Méjèèjì bára mu. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé wọ́n lè ti pààrọ̀ ìdérí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ tokunbọ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni. Ti inú BIOS ló jẹ́ ti ẹ̀rọ náà gan-an. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra tokunbọ̀, kó yẹ èyí wò kó tó sanwó, kó má lọ ra ẹrù olè. Mo ya fọ́tò rìsíìtì tuntun yẹn, mo ya fọ́tò ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi.

Níbẹ̀ náà ni mo ti ra okùn wáyà onírin tí a fi ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ tábìlì. Lára ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì, ihò kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn díẹ̀ bí ojú ìdérí kóló. Ó pẹ́ tí mo ti ń rí i, n kò bi ara mi léèrè rí ohun tó wà fún. Ẹnu okùn náà ló ń wọ ibẹ̀: ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ó dì mọ́ inú. Àwọn ihò yìí kì í ṣe ìwọ̀n kan náà o. Ti àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tuntun kéré ju ti àtijọ́ lọ, àwọn kan ò sì ní rárá. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín dání lọ, kí ẹ dán an wò lójú ọlọ́jà. Èyí tó ń lo nọ́ńbà wà, èyí tó ń lo kọ́kọ́rọ́ náà wà. Oníkọ́kọ́rọ́ ni mo mú, torí kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n kó fún mi, mo sì ti mọ ibi tí ìkejì ń lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dojú kọ ohun inú ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ aṣínà tí mò ń tẹ̀ kí Windows tó ṣí ti dáàbò bo ohun gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tú ìdí láptọ́ọ̀pù, tó yọ díìsìkì inú rẹ̀, tó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, á ka gbogbo fáìlì yín láìbéèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Fọ́tò NIN mi wà níbẹ̀, èsì ìdánwò mi wà níbẹ̀, ìwé báǹkì màmá mi tí mo bá wọn tẹ̀ náà wà níbẹ̀. BitLocker ló ń sọ ohun inú díìsìkì di àdììtú, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá tiẹ̀ yọ ọ́, wúruwùru ni wọ́n máa rí. Windows Pro ló ní in. Windows Home ní irú tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Device encryption lórí àwọn ẹ̀rọ kan, Mac sì ní FileVault. Mo tàn án, mo jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Wákàtí mélòó kan ló gbà. Iná lọ láàárín, mo pa ẹ̀rọ náà kí bátìrì má baà tán pátápátá. Nígbà tí iná dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà: nọ́ńbà 48, tí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́jọ, mẹ́fà mẹ́fà. Tí kọ́kọ́rọ́ yìí bá sọnù lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá béèrè rẹ̀, ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù gan-an ò ní rí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo fi ọ̀kan sínú àkántì Microsoft mi. Ìkejì, n kò fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, torí fáìlì máa ń dúró sórí ẹ̀rọ oníbàárà gbogbo. Mo fi bírò dà á kọ sórí ìwé. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé n ò ṣì í kọ? Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jọ yẹn ló ṣeé fi 11 pín láìṣẹ́kù. Mo mú kákúlétọ̀, mo pín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà karùn-ún ò pín. Mo wò ó, mo ti kọ 7 dípò 1.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ danfo lọ sí CMS, mo gba ibẹ̀ lọ bá màmá mi ní ìsọ̀ wọn ní Balógun. Àpò tí mo gbé láptọ́ọ̀pù sí, àpò aṣọ lásán ni. Mo ti ní kí télọ̀ fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀. Àpò dúdú tí wọ́n kọ orúkọ kọ̀ǹpútà sí lára, mo ti fi kó bàtà. Orí itan mi ni àpò wà nínú ọkọ̀, mo fi apá kan bọ okùn rẹ̀.

Màmá mi gba ìwé nọ́ńbà náà, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ kejì ti okùn wáyà, wọ́n di méjèèjì mọ́ inú gèlè kan tí wọn kì í tà, wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ àpótí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo láptọ́ọ̀pù, wọ́n ní, “O ò fín orúkọ sí i lára?”

Mo ní, “Fín bí ti kí ni, mà?”

“Bí ti ìkòkò. Ìkòkò mi tó bá lọ ilé ìnáwó tí kò ní orúkọ lára, ṣé ó ń padà wá ni?”

Ọkùnrin tó máa ń fín orúkọ sára abọ́ àti ìkòkò kì í jìnnà sí ìsọ̀ wọn. Mo pa ẹ̀rọ náà pátápátá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé orí irin ìdérí lókè ni kó ti ṣiṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, kó má dé àárín tí gíláàsì wà lẹ́yìn rẹ̀, kó má sì tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Irin ìfínwé rẹ̀ ń ké yìì yìì yìì bí ẹ̀fọn, eruku fàdákà ń bọ́ sórí èékánná rẹ̀. Orúkọ ìdílé wa ló fín, ó fi nọ́ńbà fóònù ìsọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Kò rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tà á ní láti ṣàlàyé orúkọ yẹn fún oníbàárà, tàbí kó pààrọ̀ ìdérí. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Àṣìṣe mi wáyé ní Mọ́ńdè. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí BIOS, kí ẹnikẹ́ni má lè fi fúláàṣì gbé Windows tuntun sórí ẹ̀rọ náà wẹ́rẹ́. Mo ṣe é, mo sì dí ọ̀nà fúláàṣì pa. Bí mo ṣe tún ẹ̀rọ tàn, ojú ewé aláwọ̀ búlúù kan yọ, ó ń béèrè nọ́ńbà 48. BitLocker ti rí i pé nǹkan yí padà, ó rò pé olè dé. Ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní “Suspend”, kí n tó fọwọ́ kan BIOS. Dátà ò sí lórí fóònù mi láàárọ̀ yẹn láti fi wọ àkántì. Mo pe màmá mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé inú gèlè.”

“Oníbàárà ń bẹ níwájú mi o. Dúró kí n wá awò mi.” Mò ń gbọ́ ariwo Balógun, aláṣọ tó ń ké owó, àláàárù tó ń ní kí wọ́n yà lọ́nà. “Ó yá. Èjì, òdo, ẹ̀fà, ẹ̀fà, ẹ̀sán, òdo.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kà á dé òpin. Ọ̀nà kẹta ò wọlé; màmá mi ti fo òdo kan. A tún un kà. Nígbà tí Windows ṣí, mo dúpẹ́ títí, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn lọ ta ánkárá àwọn.

Iṣẹ́ tó kù kò gba àkókò. Mo tan Find my device nínú Settings, ní mímọ̀ pé kò lè sọ ibi tí ẹ̀rọ wà àyàfi tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì lè nu ohun inú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Iṣẹ́ ilé ìwé mi ń lọ sí Google Drive, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tún ń da ohun gbogbo sórí díìsìkì kan tó ń gbé lọ́dọ̀ màmá mi, lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ilé ìwé àti yàrá kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí iṣẹ́ mi wà. Tí mo bá wà ní láíbìrì, okùn wáyà á yí ẹsẹ̀ tábìlì, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i dájú pé igi ìdábùú kan wà láàárín ẹsẹ̀ tábìlì tí kò ní jẹ́ kí okùn yọ lábẹ́ bí wọ́n bá gbé tábìlì sókè. Tí mo bá fẹ́ jáde fún ohun tó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mò ń gbé e dání. Wáyà ń dá olè dúró, kò lè lé e lọ. Ẹni tó bá mú sísọ́ọ̀sì ńlá dání á gé e.

Ó ku yàrá. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wa jẹ́ irin, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, okùn á kàn yọ tí wọ́n bá gbé e. Mo gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ilé, mo pe ajórin kan láti òpópónà wa. Ibi tí mo fi hàn án ni ara irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀dì pọ̀, ní ìhà ògiri, ibi tí ọwọ́ tàbí igi kankan ò lè dé láti fèrèsé.

“Òrùka kan, àbí?” ni ó béèrè.

Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Láptọ́ọ̀pù àyálò ló ń lò nígbà náà, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá Mákòkó láti inú ìwé tó fi ọwọ́ kọ nígbà tó padà lọ bá wọn. Mo ní kó jó méjì mọ́ ọn.