Bí a ṣe padà rí alẹ́ ọjọ́ kan jáde

A ò tíì jáde ní Kubwa, ní Àbújá, tán tí ọmọbìnrin tuntun tó ń bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ ti pè: àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 2, ti sunkún débi pé ó bì. A padà. Àṣìṣe wa ni pé a yọ́ jáde. Ọmọ gbójú sókè, kò rí ìyá rẹ̀, àlejò ló rí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní kí ọmọbìnrin náà máa wá lọ́sàn-án fún ọjọ́ 3, nígbà tí mo wà nílé. Òun ló wẹ̀ fún wọn, òun ló fún wọn ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ọmọ Gbagyi ni, Haúsá ló ń bá wọn sọ, bẹ́ẹ̀ Yorùbá nìkan ni àbíkẹ́yìn gbọ́. Mo kọ́ ọ ní "omi", "oorun", "ó ń dùn mí". Lójú tèmi, èyí ló ṣiṣẹ́ jù. Mo lẹ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, àti nọ́ńbà wa mọ́ fíríìjì, mo sì ní bí iná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì ni kó tàn, kó má fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀.

Ní Sátidé, mo dágbére lójú wọn, mo fi ìró mi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àbíkẹ́yìn sunkún díẹ̀. Kí a tó dé Wuse, àtẹ̀jíṣẹ́ ti wọlé: ó ti sùn.