Bí Mo Ṣe Mú Kí Òkè Ilé Wa Tutù

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé ní Houston, AC kan ṣoṣo ló ń fẹ́ sí òkè àti ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ sì ni thermostat, ohun tí a fi ń yan bí ilé ṣe máa tutù tó, wà. Nínú oṣù Keje, tí mo bá gbé e sí 75 (Fahrenheit ni wọ́n ń lò níbí), ìsàlẹ̀ á tutù nini, òkè á wà ní 83. Ìyá ìyàwó mi tó wá bá wa wẹ ọmọ ló figbe ta: "Bàbá ìkókó, yàrá yìí ò yàtọ̀ sí ìdí ààrò o!"

Oníṣẹ́ AC tí mo pè ò tíì gun òkè àjà tó fi ní kí n ra ẹ̀rọ tó tóbi ju èyí lọ. Mi ò gbà. Ní ìlú tí ọ̀rinrin pọ̀ báyìí, ẹ̀rọ tó bá tóbi ju ilé lọ á tètè mú ilé tutù, á tètè sinmi, kò ní ráyè fa ọ̀rinrin kúrò. Ara á kàn máa lẹ̀ nínú òtútù ni.

Mo pààrọ̀ asẹ́ tó ti dí. Lẹ́yìn náà mo gbé tíṣù sí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ní ìsàlẹ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ní yàrá màmá, agbára káká ló fi ń mì.

Ìyẹn ló gbé mi gun òkè àjà. Ìdájí ni kí ẹ lọ o, torí ooru ibẹ̀ lè kọjá 120 lọ́sàn-án. Mo tan ẹ̀rọ, mo ń fọwọ́ tọ páìpù afẹ́fẹ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá bá èyí tó lọ sí yàrá màmá tó ti yọ díẹ̀ lẹ́nu irin tí wọ́n so ó mọ́. Afẹ́fẹ́ tútù tí à ń sanwó iná lé lórí ń ṣòfò sínú àjà! Mo tì í padà, mo fi okùn oníke fún un pinpin, mo fi mastic, àtè kíki tí wọ́n fi ń dí ojú páìpù afẹ́fẹ́, kun gbogbo etí rẹ̀. Téèpù aláṣọ ò lè dúró nínú ooru yẹn. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á gbẹ, á ṣí.

Ó wá ku damper, àwo pẹlẹbẹ inú páìpù tí a fi ń dín afẹ́fẹ́ kù. Lára páìpù ìsàlẹ̀, ọwọ́ irin kékeré kan wà: tó bá nà tẹ̀lé páìpù, ọ̀nà ṣí; tó bá dábùú, ó ti tì. Mo yí i díẹ̀, kò dé ìdajì, kí afẹ́fẹ́ lè pọ̀ sí i lókè. Àwọn kan máa ń ti gbogbo ihò ìsàlẹ̀ pa. Ẹ má dán an wò: tí afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lórí páìpù tútù inú ẹ̀rọ bá kéré jù, yìnyín á bò ó.

Mo tún ní kí màmá máa ṣí ilẹ̀kùn wọn díẹ̀, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ padà wà.

Ní báyìí, ìsàlẹ̀ 75, òkè 78. Òrùn ń lu òrùlé, mi ò retí kó dọ́gba. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yí fáànù láti Auto sí On kó lè máa po afẹ́fẹ́ pọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ tí ẹ̀rọ bá sinmi tí fáànù ò sinmi, omi ara páìpù tútù ló máa fẹ́ padà sínú ilé. Auto ni mo fi tèmi sí, mo sì ra kọ́tìnì tó nípọn sójú fèrèsé tí òrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀.